Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Ọkàn Wò Ká Tó Wọ Pápá

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré Súrùlérè níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 2003, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú bákan náà ní Lyon. Iṣan ọkàn tirẹ̀ ló nípọn jù.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, "ayé ló ṣe é" la máa ń kọ́kọ́ sọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣan ni ọkàn, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bó bá nípọn jù, ìlù rẹ̀ lè dàrú lójijì nígbà téèyàn ń sáré. Àjogúnbá ni irú èyí sábà máa ń jẹ́. Irú mìíràn wà tí iṣan náà fi ń fẹ̀, tí kò sì lágbára mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú, ọtí àmujù àti àwọn kòkòrò àrùn kan lè fà á. Ó sì lè bá obìnrin nígbà tí oyún ti gbó tàbí lẹ́yìn ìbímọ.

Ìtọ́jú wà. Oògùn wà tó ń dín iṣẹ́ ọkàn kù. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré sí lábẹ́ awọ àyà, tí yóò dá ìlù ọkàn padà bó bá dàrú. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú ohun tí kò mọ̀ pé òun ní?

Lọ́dọọdún, à ń dáwó ra aṣọ eré fún ìdíje láàrin ẹ̀ka ẹ̀kọ́, àmọ́ a kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní owó ò sí. Owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ kan. Ẹni tó bá ti dákú rí níbi tó ti ń sáré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kú lójijì ní kékeré, kó rí dókítà ná kó tó forúkọ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò ò lè rí gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà ẹni tó ṣubú tí kò mí mọ́: kíákíá, pẹ̀lú agbára, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ yín ló kù sí.