Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Bọ́tìnì Tí Àwọn Iléeṣẹ́ Wa Ń Sáré Tẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹ̀rọ tó so gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọgbà pọ̀. Bí ẹni náà bá ríṣẹ́ síbòmíràn, bó bá bá ọ̀gá jà, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, iléeṣẹ́ á wá rí i pé kọ́kọ́rọ́ ilé òun kò sí lọ́wọ́ òun. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nígbà náà ni pé: "Ẹ jẹ́ ká dá a padà sí ipò àtilẹ̀wá, bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é jáde." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Switch ni àpótí pẹlẹbẹ tí wáyà pọ̀ lára rẹ̀, tí iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Irú kan wà tí kò gba àṣẹ kankan: ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irú kejì, èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé, ń gba àṣẹ. Onímọ̀ ẹ̀rọ lè pín in sí yàrá yàrá tí wọ́n ń pè ní VLAN, kí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ìṣirò owó má baà pàdé fóònù àlejò tó wá lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè pàṣẹ pé ihò wáyà báyìí kò gbọdọ̀ gba kọ̀ǹpútà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀. Inú ẹ̀rọ náà ni àwọn àṣẹ wọ̀nyí ń gbé. Ẹni tó dúró síta kò lè rí ọ̀kankan nínú wọn.

Bí a bá dá a padà sí ipò àtilẹ̀wá, gbogbo àṣẹ yìí ló máa parẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan. Lórí switch Cisco, fún àpẹẹrẹ, gbogbo ihò á padà sínú yàrá kan ṣoṣo, ìyẹn VLAN 1. Ní iléeṣẹ́ kékeré, kọ̀ǹpútà lè tún máa rí ara wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè máa tẹ̀wé, ọ̀gá á sì kí ọmọ iṣẹ́ kú iṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ògiri tó wà láàárín ìwé owó iléeṣẹ́ àti fóònù àlejò ti wó. Ní iléeṣẹ́ ńlá, apá kan ilé á dákẹ́ lọ gbári, wọn á sì máa tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ibi tó já sí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà, àfi pé ó gba sùúrù. Lórí ọ̀pọ̀ switch Catalyst ti Cisco, onímọ̀ ẹ̀rọ á so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ojú console, á tẹ bọ́tìnì Mode mọ́lẹ̀ bó ṣe ń fún ẹ̀rọ náà níná, ẹ̀rọ á sì dúró kó tó ka ètò tó wà nínú rẹ̀. Á yí orúkọ fáìlì config.text padà, á jẹ́ kí ẹ̀rọ jí láìbéèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, á wá dá fáìlì náà padà sípò, á sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ètò kò sọnù. Àgádágodo la pààrọ̀, a kò wó ilé.

Bọ́tìnì kan náà yìí ló sì lè ba nǹkan jẹ́. Lórí àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ti pa gbogbo ètò rẹ́. Cisco fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nígbà kan pé lára Catalyst 3650 àti 3850 oníhò 48, rọ́bà tó bo ẹnu irú wáyà kan lè tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀. Rọ́bà lásán!

Ọ̀nà sùúrù yìí náà ṣeé dí pa, ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà sì mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù keje ọdún 2008, Terry Childs, ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú náà, kọ̀ láti fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Wọ́n tì í mọ́lé. Wọn kò lè kàn tẹ bọ́tìnì, nítorí ó ti dí ọ̀nà ìgbàpadà lórí àwọn ẹ̀rọ kan, kò sì tọ́jú ètò àwọn mìíràn síbi tí kò ní parẹ́ bí iná bá lọ. Inú ẹ̀wọ̀n ni Gavin Newsom, olórí ìlú nígbà náà, ti lọ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Childs jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ kí odindi ìlú wà lábẹ́ orí ẹnìkan?

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa ní tiwọn láti sọ. Iléeṣẹ́ mìíràn á jẹ wọ́n lówó oṣù mélòó kan, á tún máa pè wọ́n láàárín òru. Ẹni tí wọ́n ń lò báyìí lè ka ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí ohun ìdúró kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ òun. Ẹ sanwó fún òṣìṣẹ́ kó tó lọ, kí ẹ sì gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, nínú séèfù ọ̀gá. Kí ẹ̀dà ètò switch kọ̀ọ̀kan wà níta ẹ̀rọ náà, kí a sì máa pààrọ̀ ẹ̀dà náà nígbàkígbà tí nǹkan bá yí padà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ibi tí dídá padà sí ipò àtilẹ̀wá ti jẹ́ dandan ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń fojú fò ó. Ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ ààbò ESET ròyìn pé òun ra router àlòkù 18. Nínú èyí tó ju ìdajì lọ lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àṣírí iléeṣẹ́ tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Router àti switch kò yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a ń ra tòkúnbọ̀, tí a tún ń ta tiwa, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Kódà, ẹni tó pàṣẹ kí Catalyst pa ètò rẹ̀ rẹ́ lè gbàgbé pé fáìlì vlan.dat dá dúró lọ́tọ̀, pé òun náà ní láti lọ. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé switch àtijọ́ sínú ọkọ̀ ẹni tó rà á, kí ẹnìkan tún un tàn, kó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kó wò ó bóyá orúkọ iléeṣẹ́ wa ló ṣì ń jẹ́.