Ta ló ń sọ Yorùbá nínú ìwé Tomi Adeyemi?

Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Children of Blood and Bone ní ẹ̀ka wa, ìjà ló máa ń dà. Apá kan á ní ọmọ wa ti gbé òrìṣà dé ibi tí Harry Potter dé. Apá kejì á ní irọ́ ni, ìtàn òyìnbó tó wọ aṣọ òfì lásán ni. Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé ibi tí kò yẹ ni àwa méjèèjì ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún obìnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Tomi Adeyemi sí ní 1993, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní Harvard, lẹ́yìn náà ló rí owó ìwádìí gbà lọ sí Salvador ní Brazil, ibẹ̀ ló ti wá pàdé àwọn òrìṣà. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí ìwé yìí jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n sì ti ra ẹ̀tọ́ fíìmù rẹ̀ kó tó jáde rárá. Ìwé kejì tẹ̀lé e ní 2019, ìkẹta sì di 2024. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn, kó jókòó kọ tirẹ̀.

Ní ẹ̀yìn ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé pípa tí ọlọ́pàá ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ló sún òun kọ ọ́. Ìwé Amẹ́ríkà ni, nítorí náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi dùn mí pé Ìlọrin rẹ̀ jẹ́ abúlé apẹja tó léfòó lórí òkun. (Àwọn ọmọ Ìlọrin inú kíláàsì wa kò tíì dárí jì í.) Ẹ tún wo bó ṣe kọ orúkọ àwọn òrìṣà: Oxosi, Ochumare, Ayao. Ọ̀nà Brazil àti Kúbà ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àkọtọ́ yẹn ń sọ ìtàn ìrìnàjò, ẹni tó bá pè é ní àṣìṣe kò kọ́ ẹ̀dá-èdè dáadáa. Àmọ́ àmì méjì tó gbé lé orí i nínú Orïsha, ìyẹn kò ní ìtumọ̀ kankan ní ibikíbi. Ẹwà lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ọfọ̀. Bí Zélie bá fẹ́ pe ẹ̀mí àwọn òkú, Yorùbá ló fi ń pè é, wọ́n sì fi àmì ohùn sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa nílé kì í ṣe. Ṣùgbọ́n gbólóhùn lásán ni, bí àdúrà tí wọ́n túmọ̀. Ọfọ̀ gidi kì í bẹ̀bẹ̀, ìró ọ̀rọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fẹ́ kí nǹkan yí padà, ewé àlùpàyídà ni a ó dárúkọ, nítorí a gbọ́ “yí” àti “dà” lára orúkọ rẹ̀. Àwa tí a ń fi ọjọ́ kan gbáko tú mọ́fíìmù palẹ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ rí i pé agbára wà níbẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni pé yàtọ̀ sí ọfọ̀, kò síbi tí Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ni mo fẹ́ kó ṣe? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn náà gan-an, Yorùbá jẹ́ èdè àwọn maji tí ọba ti fòfin dè. Èdè mìíràn ni ìlú fi ń ra, tí wọ́n fi ń tà, tí wọ́n fi ń bú ara wọn. Zélie gbé ẹja lọ sọ́jà Lagos, ó ná an títí, kò sí “jálẹ̀ ẹ́” kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ní 1938, Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Iwin ń fọ́nnu ní Yorùbá níbẹ̀, ọdẹ ń dá a lóhùn, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń ṣépè fún ara wọn. Èdè tó ṣe gbogbo iṣẹ́ nìyẹn. Ti Adeyemi dà bí Yorùbá ti ọ̀pọ̀ wa ní họ́stẹ́ẹ̀lì: a fi ń gbàdúrà, a fi ń kí ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ bí a bá fẹ́ jiyàn tàbí sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ti dé. Wọ́n kọ́ wa ní ọdún kejì pé báyìí ni èdè ṣe ń kú: kì í kúrò nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ojúbọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé e lọ.

Fíìmù náà ń bọ̀. Thuso Mbedu, ọmọ South Africa, ni yóò ṣe Zélie. Ohùn kò jẹ́ àjèjì sí Zulu, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ lórí ọfọ̀. Ọjà yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láti oṣù tó kọjá, ìnáajà náà sì ti ń dùn. Lionaire, ẹranko tí Zélie ń gùn, ló ṣì ń dí mi lọ́wọ́. “Kìnnìún” nìkan kò tó, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi dípò -aire. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí ẹ bá ní àbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú.