Àyẹ̀wò iná: Ẹ má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná pamọ́ fáwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ pé ọ̀la làwọn tó fẹ́ yẹ iná ilé wò ń bọ̀, kẹ́ ẹ wá wo kìràkìtà tó máa ṣẹlẹ̀. Aránṣọ tó sọ pálọ̀ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù á ká èkísítẹ́ńṣọ̀n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń ta ẹja inú fírísà á gbé páálí dí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jó dúdú. Onídìrí á ní kọ́mọ iṣẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun lọ sílé kejì. Báwọn àlejò náà bá ti kẹ́yìn síbẹ̀ báyìí, kálukú á dá ẹrù rẹ̀ padà sáyè ẹ̀. A ti gbàwé ẹ̀rí, ó parí nìyẹn.

Lójú tèmi o, kò tíì parí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kàn gba ìwé lásán ni, torí pé iná tí wọ́n yẹ̀ wò kọ́ ló ń lò. Àbí aláìsàn wo ló ń dé ọ̀dọ̀ dókítà tán tó ń fi ibi tó ń dùn ún pamọ́? Ọjà tẹ́ ẹ fowó àjọ àti owó ẹ̀yáwó kó sílé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ iná kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó fà á. Ọjà Balógun l'Ékòó rí irú ẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí iná tó bẹ̀rẹ̀ nílé alájà kan ràn mọ́ àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àjọ NEMSA, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, ni wọ́n gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí lé lọ́wọ́ lórílẹ̀-èdè wa. Ó yẹ kí wọ́n yẹ wáyà ilé tuntun wò káwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná tó so ó mọ́ òpó. Ṣùgbọ́n ilé tó jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ ẹ bá ti kó fírísà méjì àti ẹ̀rọ ìlọta wọnú ẹ̀, ilé mìíràn ló dà yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò nínú ilé fúnra yín pe ẹlẹ́tíríṣíàn tó níwèé ẹ̀rí kó wá tún un yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Fíùsì tó tóbi jù nínú púlọ́ọ̀gù tá à ń lò nílé, 13 amp ni. Tí iná bá wọlé ní 230 volt bó ṣe yẹ, ohun tó lè gbé kò pé 3,000 watt. Áyọ́ọ̀nù lè jẹ tó 1,200, kẹ́tù oníná lè jẹ tó 2,000. Ẹ ki méjèèjì bọ èkísítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ó ti kọjá agbára ẹ̀. Ó yẹ kí fíùsì já, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, àmọ́ àwa kan ti yọ ọ́, a ti fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dí ojú ẹ̀. Wáyà èkísítẹ́ńṣọ̀n náà lá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí iná tó ń gba inú wáyà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru tiẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Wáyà tiẹ̀ tún lọ́rọ̀ tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi ọ̀bẹ ha irin inú ẹ̀. Tí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa, kì í ṣe kọ́pà gidi, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì fi pamọ́ de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kó ẹrù kúrò níwájú mítà àti bọ́ọ̀dù bírékà, kẹ́ ẹ sì ti kọ yàrá tí bírékà kọ̀ọ̀kan ń darí sára ẹ̀. Ibi tí wọ́n ri irin earthing mọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹlòmíràn ti da kọnkéré bò ó. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kí ọmọdé tó fọwọ́ kan ara fírísà tó ti ń gbéná fara gbá a. Ẹ má nu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wáyà wò lè rán tó 500 volt sínú ẹ̀. Iná gbogbo ilé ni wọ́n máa pa, ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ má kó ọjà tuntun lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi wáyà olórí méjì ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Iná yẹn lè gba inú mítà padà sórí òpó, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó ń tún un ṣe lọ́hùn-ún. Ẹ ra changeover, ẹ jọ̀ọ́.

Tá a bá ní ká tún wáyà ṣe, ta ló máa sanwó ẹ̀? Àwọn lánlọ́ọ̀dù á ní ayálégbé tó gbé fírísà wọlé ni. Èmi gbà pé wáyà inú ògiri, bọ́ọ̀dù àti earthing, onílé ló ni ín. Ohun tẹ́ ẹ bá ki bọ̀ ọ́, tiyín ni. Bó bá jẹ́ pé òwò yín ló gba wáyà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ jọ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kẹ́ ẹ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, kẹ́yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà kan.