Síídì Ìnáwó Ń Kú Nínú Àpótí

Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, síídì ìnáwó wà nínú àpótí lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú ìyá àgbà. Púpọ̀ nínú wọn ni kò sẹ́ni tó fi sẹ́nu ẹ̀rọ mọ́ láti ìgbà tí oní-fídíò ti kó wọn dé. Ọkàn wa balẹ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí ni pé wọ́n ń kú níbi tí wọ́n wà, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Síídì ojúlówó fíìmù tí a rà ní Ìdúmọ̀tà yàtọ̀ sí èyí tí oní-fídíò fi kọ̀ǹpútà ṣe fún wa. Ti fíìmù, ilé iṣẹ́ ló fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ike. Ti ìnáwó, aró ló wà nínú rẹ̀. Iná lésà jó aró náà níbì kan, ó fi ibòmíràn sílẹ̀, ibẹ̀ ni àwòrán àti ohùn wà. Bí oòrùn ṣe ń mú àdìrẹ ṣá, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ń mú aró yìí ṣá. Ohùn ìyá tó ń fi oríkì ki ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, oríkì tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, orí aró yẹn ló wà.

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tún wà lẹ́yìn aró. Lára síídì, ọ̀dà tín-ín-rín ló bò ó níhà tí a ń kọ orúkọ sí. A máa ń ṣọ́ ojú tó ń dán, a ó wá fi ṣóńṣó bírò kọ “Ìsìnkú Màmá” sẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn yẹn gan-an ló gbẹgẹ́. DVD sàn díẹ̀, ike méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ibi tí wọ́n lẹ̀ bá là, afẹ́fẹ́ á wọlé, irin á bàjẹ́.

Ti ilé iṣẹ́ pàápàá ò bọ́. Nínú àwọn síídì orin tí ilé iṣẹ́ PDO tẹ̀ ní Blackburn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1988 sí 1993, púpọ̀ ló di àwọ̀ búráùn, nítorí pé imí-ọjọ́ inú ìwé tó wà nínú páálí wọn wọ inú ọ̀dà, ó sì jẹ irin náà.

Ẹ mú ọ̀kan nínú tiyín, ẹ gbé e kọjú sí gílóòbù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ bí ihò abẹ́rẹ́, tàbí tí etí rẹ̀ ti pa àwọ̀ dà, ẹ fura. Bí àwòrán bá ń dúró, tí ohùn ń já, ẹ má kàn máa wò ó lọ bẹ́ẹ̀; ẹ ṣẹ̀dà ohun tó ṣẹ́kù.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní kò ní ẹnu síídì mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ń fi okùn USB so wà lọ́jà. Nínú DVD, fódà VIDEO_TS ni kí ẹ kó, odindi. Nínú VCD, fódà MPEGAV ni. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí DAT ni fídíò náà.

Ibi tí a ń kó o sí ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Àwọn kan á kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì kan ṣoṣo, wọ́n á ní ó parí. Fláàṣì tí a kò fi sẹ́rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè sọ ohun inú rẹ̀ nù. Háàdì díráìfù lè já bọ́. WhatsApp ń fún fídíò pọ̀, kì í hàn kedere bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Google sì lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Ọ̀nà kan ò wọjà. Òfin tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ni mo fara mọ́: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 má sí nínú ilé kan náà. Ẹni tó bá ní ọmọ ní London tàbí Houston, kó fi háàdì díráìfù kan rán an tó bá wá ṣe Kérésì.

Ìpàdé ẹbí ló yẹ kó mú iṣẹ́ yìí ṣe. À ń dáwó aṣọ ẹbí, à ń dáwó màlúù. Ẹ dáwó háàdì díráìfù méjì lọ́dún yìí, ẹ yan ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà, kí ilé kọ̀ọ̀kan kó síídì tirẹ̀ wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù.