Ẹ Ka Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Sọ Kí Ẹ Tó Náwó

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10. Oníkáfé ní Òṣòdì, onítẹ̀wé ní Ìsọlọ̀, ilé-ìwé tó to kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ rẹ̀ á wá fíláàṣì tí yóò fi ṣe é, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò.

Ẹ ki fíláàṣì 32GB bọ ẹ̀rọ, ẹ ń da fáìlì Windows sí i, àfi gbàà! Kọ̀ǹpútà ní fáìlì ti tóbi jù. Ìkẹjà ò jìnnà sí Òṣòdì. Kíá lẹni tí kò bèèrè yóò ti dé ọjà Computer Village níbẹ̀ lọ ra 64GB. Tó bá padà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ lè tún sọ. FAT32, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò inú fíláàṣì náà, kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4GB, ì báà jẹ́ pé ààyè ṣì kù rẹpẹtẹ. Fáìlì install.wim inú Windows 11 sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tírélà tó ga ju abẹ́ afárá lọ ni. Mímú títì fẹ̀ kọ́ ni yóò mú un kọjá.

Àwọn kan á ní kí ẹ sọ fíláàṣì di NTFS, ètò mìíràn. Yóò gba fáìlì náà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní tó ń lo UEFI kì í tan láti orí NTFS. Media Creation Tool ti Microsoft ló rọrùn jù: ọ̀fẹ́ ni, fíláàṣì 8GB sì tó o. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè fi àṣẹ Dism /Split-Image gé install.wim sí wẹ́wẹ́, kí ó fi 3800 sí ìwọ̀n ègé kọ̀ọ̀kan. Windows fúnra rẹ̀ ni yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá ń wọlé.

Ti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ díẹ̀. Windows PE, ìyẹn Windows kékeré tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ, èyí àtijọ́ rẹ̀ kì í fún iṣẹ́ ju 32MB lọ, nítorí náà ó lè sọ pé ààyè ti tán lórí kọ̀ǹpútà tó ní RAM 8GB. Ẹ má ra RAM. Àṣẹ Dism /Set-ScratchSpace:512 ló ń yanjú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dun èmi jù ni fíláàṣì ayédèrú. Wọ́n kọ 512GB sára rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kọ̀ǹpútà pàápàá á kà á sí 512GB. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré. Tí ó bá ti kún dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, fáìlì tí ẹ ń dà sí i kò ní jókòó mọ́, kò sì ní sọ fún yín. Ẹ fi H2testw, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti Jámánì, dán an wò lọ́jọ́ tí ẹ rà á, nígbà tí ẹni tó tà á ṣì máa rántí yín.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé àti fọ́tò inú rẹ̀. Fíláàṣì tí Media Creation Tool bá lò, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ń nù. Ẹ wo RAM náà: 4GB ni Windows 11 ń béèrè ó kéré tán, pẹ̀lú TPM 2.0 (ohun èlò ààbò inú kọ̀ǹpútà) àti ààyè 64GB. Tí ẹ̀rọ yín kò bá ní wọn, ẹ bèèrè ohun mìíràn tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó sanwó iṣẹ́.