Iṣẹ́ Ni Kí A Wò, Kì í Ṣe Òkìkí, Bí A Bá Fẹ́ Fi Ọwọ́ Ara Wa To Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ‘Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.’ Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu gan-an lóde òní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lágbára, yálà láti fi gbá géèmù tàbí láti fi gé fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú ṣíṣe fún àwọn oníbàárà. Dípò kí wọ́n ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti tò tán, wọn a ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn tò ó. N kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ènìyàn máa ra ẹ̀yà nítorí òkìkí. Ní èrò tèmi, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ni ó yẹ kí ó sọ ibi tí owó yóò lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Processor ni ọpọlọ tí ń ṣe ìṣirò. Graphics card ni ó ń ya àwòrán tí ojú ń rí. RAM dà bí tábìlì tí a tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa sí. Bí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ kò ní yá. SSD ni àká tí a ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Motherboard ni ó so gbogbo wọn pọ̀, power supply ni ó sì ń fún wọn ní iná.

Lẹ́yìn èyí, kí a bi ara wa léèrè ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ gbá géèmù ní láti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ sórí graphics card, nítorí pé òun ni iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́wọ́ jù nídìí géèmù. RAM 16GB tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù. Síbẹ̀, bí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jẹ́ ti 60 Hz, ìgbà 60 péré ni ó lè pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wá lọ ra káàdì tí ń ya 150, kò ní rí èyí tí ó lé.

Ti ẹni tí ń gé fídíò yàtọ̀. Àwòrán 4K kan ṣoṣo ní àmì kéékèèké tí ó lé ní 8 mílíọ̀nù, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p. RAM 32GB ni mo rò pé ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú processor tí ó lágbára àti àká tí ó yá. SSD oní-SATA a máa ka nǹkan bí 550 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; NVMe tí ó dára lè ka ju 3,000 lọ.

Bákan náà, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn ẹ̀yà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Motherboard AM5 tí ilé iṣẹ́ AMD gbé jáde ní ọdún 2022 kò gba RAM mìíràn àyàfi DDR5. Bí a bá ra DDR4 nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kò tilẹ̀ ní wọ ojú ihò rẹ̀, owó sì ti lọ.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti power supply. Ká sọ pé ọ̀dọ́ kan fi ọdún méjì tu owó jọ, ó ra graphics card olówó iyebíye, ó wá fi power supply tí kò lórúkọ tì í lẹ́yìn. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní orílẹ̀-èdè wa, fólítì 230 ni ó yẹ kí iná máa jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Power supply tí kò dára lè jóná, kí ó sì ba àwọn ẹ̀yà yòókù jẹ́. Àmì 80 PLUS tí a ń rí lára rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bí kì í ṣe é fi iná ṣòfò ni ó ń sọ. Kò sọ pé yóò dáàbò bo ohun tí ó kù. Nítorí náà, kí a ra èyí tí ó jẹ́ ojúlówó, kí a sì fi UPS kún un, kí iṣẹ́ má baà ṣègbé bí iná bá lọ lójijì.

Àwọn kan lè sọ pé laptop sàn jù nítorí pé ó ní bátìrì. Òótọ́ ni èyí fún ẹni tí ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní ojú kan tí ó ń jókòó sí, èyí tí a tò fúnra wa sàn, nítorí pé bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, òun nìkan ni a ó pààrọ̀.

Ní ìparí, kí ẹnikẹ́ni tó gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ, kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ sínú ìwé. Kí ó bèèrè, nítorí pé abèèrè kì í ṣìnà. Bí ó bá ń ra àlòkù, kí wọ́n tan án lójú rẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó sì gba rìsíìtì. Owó tí a fi òógùn kó jọ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi ra òkìkí.