Ilé Ọba Jó, Ilé Akọ̀wé Náà Jó

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba, a máa ń rò pé ebi kò lè wọlé rẹ̀. Ẹ wo akọ̀wé kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Jámánì lọ́dún 1923.

Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, máàkì mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ìjọba yá owó ará ìlú jagun, wọ́n sì pàdánù ogun náà. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù gba agbègbè Ruhr ní oṣù kìíní 1923, ìjọba ń tẹ owó ṣáá láti fi bọ́ àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, dọ́là kan ti lé ní tírílíọ̀nù mẹ́rin máàkì.

Bí owó bá ti kan akọ̀wé wa lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré lọ sọ́jà, torí owó tó ra búrẹ́dì láàárọ̀ lè má rà á mọ́ lálẹ́. Owó tí wọ́n fi ogún ọdún tù jọ kò ra sítáḿpù kan. Ní oṣù kẹwàá, òfin tún jáde láti dín òṣìṣẹ́ ìjọba kù.

Owó tuntun dé ní oṣù kọkànlá: ẹyọ kan dípò tírílíọ̀nù kan. Ọjà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ kò padà.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni: gbèsè ogun tí ìjọba jẹ ará ìlú di ìwé lásán. Ilé akọ̀wé tó jó ńkọ́? Ta ni yóò bá a kọ́ ọ?